Owó-Orí Tí Kò Sí ní Dubai

Oyèkọ́lá ló ní ká kọ ọ́ síta, ó sì ní ká má fi ohunkóhun bò. Ó ní bí ẹ̀yin òǹkàwé bá máa fi òun rẹ́rìn-ín, kí ẹ kúkú rín in tẹ́rùn, nítorí òun náà ti fi ara òun rẹ́rìn-ín títí ó fi di omijé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá: ká jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àlè ló ń kó owó náà fún. Adéníkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní ìyẹn ò mú ọ̀rọ̀ náà sàn. Ó ní ká ní obìnrin ni, òun ì bá tiẹ̀ mọ ẹni tí òun máa bá jà.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ amúlétutù ńláńlá fún hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn ni Oyèkọ́lá ti ń ṣiṣẹ́ ní Dubai. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Bó ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà kan ló ń lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Nítorí náà, yàtọ̀ sí owó oṣù, wọ́n ń fún un ní àlàwọ́ǹsì mọ́tò. Abu Shagara ní Sharjah ló gba ilé sí, nítorí owó ilé ibẹ̀ ṣì ṣe é gbọ́ sétí. Adéníkẹ́ àti ọmọ wọn, Olúwatìmílẹ́yìn, tí kò tíì ju ẹni tó ń rá lọ, wà ní Òṣogbo, wọ́n ń retí visa.

Abu Shagara kúndùn mọ́tò. Èèyàn á ti fojú ra bíi mélòó kan kó tó dé ibùdókọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan báyìí, lẹ́yìn gíláàsì, mọ́tò pupa kan wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì. Àga méjì. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì kan, òrùlé rẹ̀ á ká sẹ́yìn bí ẹní.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Oyèkọ́lá kàn wò ó ni. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró. Kò pẹ́ tó fi ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá kódà lọ́jọ́ tí kò níbì kankan tó ń lọ.

Ará Síríà ni ẹni tó ń ta mọ́tò náà, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tó máa ń gbé tíì ṣáàyì fún èèyàn kó tó bi í ní orúkọ.

"Habibi, ọ̀rẹ́ mi, wọlé wá jókòó sí i," ló wí. "Jíjókòó ò gbowó."

Oyèkọ́lá jókòó. Ó di sítíárì mú. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó ní ọkùnrin tí òun rí nínú dígí yẹn kì í ṣe ẹni tó ń to ìlà bọ́ọ̀sì. Ọ̀gá ni.

"Èèyàn mélòó ló ń gbà?" ló béèrè, bí ẹni tó ní làákàyè.

"Méjì. Ìwọ àti habibti, olólùfẹ́ rẹ."

Ó yẹ kó rántí níbẹ̀ pé òun, ìyàwó òun àti ọmọ òun, mẹ́ta ni àwọn. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin ṣe ìṣirò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìkẹjà kó tó wá sí Dubai! Ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé visa ìyàwó òun á ṣì pẹ́, pé bó bá ku díẹ̀ kí wọ́n dé, òun á ti tà á. Ó fọwọ́ sí i pé òun á máa fi àlàwọ́ǹsì mọ́tò san án lóṣooṣù.

Kò tíì gbádùn mọ́tò náà tó ọ̀sẹ̀ méjì tí fóònù fi dún.

"Daddy Tìmí!" ni Adéníkẹ́ pariwo láti Òṣogbo. "Visa ti jáde o!"

Oyèkọ́lá náà pariwo. Adéníkẹ́ rò pé ayọ̀ ni.

Kò tà á. Ó ní bí òun bá ti fẹ́ gbé e padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣe ni ọwọ́ òun máa ń yí i sí ọ̀nà òkun. Dípò kó tà á, ó gbé e lọ fi pamọ́ sí Al Karama ní Dubai, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Ọlájíre, tó ń ta fóònù. Ilé tí Ọlájíre ń gbé ní àyè ìgbọ́kọ̀sí, Ọlájíre fúnra rẹ̀ kò sì ní ju bàtà lọ. Láàárọ̀, Oyèkọ́lá á wọ bọ́ọ̀sì láti Sharjah bíi gbogbo èèyàn, á wọ ọkọ̀ ojú irin metro dé Karama, á wá bọ́ sínú mọ́tò pupa, á sì dé ibi iṣẹ́ bí ọmọ ọba. Lálẹ́, á dá ọmọ ọba padà sí Karama, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Adéníkẹ́ dé. Táàsì ni wọ́n fi gbé e láti pápákọ̀ òfuurufú, kò sì sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, bó ṣe ń fún ọmọ ní ògì, ó gbójú sókè.

"Daddy Tìmí, mọ́tò dà?"

"Mọ́tò wo?"

"Mọ́tò tí wọ́n ń fún yín lówó rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lórí fóònù, ẹ ní wọ́n ti ń san àlàwọ́ǹsì mọ́tò fún yín. Mo ti sọ fún gbogbo ilé."

Ẹnu ara ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Oyèkọ́lá la ẹnu láti sọ òótọ́, nǹkan mìíràn ló jáde.

"Owó-orí ni, Níkẹ́. Owó-orí ti jẹ ẹ́ tán."

Ó ní ẹnu ya òun fúnra òun sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọ̀ lẹ́nu òun tó. Ìdí ni pé kò nílò láti ronú irọ́ kankan. Iṣẹ́ tó ṣe ní Ìkẹjà ló kàn gbé kalẹ̀.

"Ṣé o rí i," ló wí, ó sì fẹ̀yìn ti àga bí olùkọ́, "tí ilé iṣẹ́ bá fún èèyàn lówó mọ́tò, ìjọba ò ní rí mọ́tò níbẹ̀ o. Owó oṣù ni wọ́n máa kà á sí. Wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ owó oṣù rẹ, wọ́n á wá gé owó-orí lórí gbogbo rẹ̀."

"Tí wọ́n bá wá gbé mọ́tò gan-an fún yín ńkọ́, tí wọn ò fún yín lówó?"

"Ìyẹn náà ò bọ́. Wọ́n á wo iye tí wọ́n ra mọ́tò náà, wọ́n á mú ìdá kan nínú ogún rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n á ní o ti jẹ iye yẹn lára ọ̀gá rẹ, bí o ò tiẹ̀ fojú rí kọ́bọ̀. Wọ́n á wá gé owó-orí lórí ìyẹn náà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní òpùrọ́ pátápátá. Gbogbo ohun tó sọ yìí, òótọ́ ni, ní Nàìjíríà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Irọ́ tó wà níbẹ̀ ò ju pé Dubai kì í ṣe Nàìjíríà. Ní Dubai àti Sharjah, ẹnikẹ́ni kì í gé owó-orí lára owó oṣù òṣìṣẹ́, wọn kì í gé e lára owó ilé, wọn kì í gé e lára owó mọ́tò. Bí èèyàn bá ra nǹkan lọ́jà, owó-orí ọjà wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ẹni, odindi ló ń wọlé. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi sá lọ síbẹ̀ nìyẹn.

Adéníkẹ́ ò mọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó fọwọ́ mú ọkọ rẹ̀ léjìká.

"Áà, Daddy Tìmí. Ohun tí ojú yín ń rí níbí nìyí, ẹ ò sì sọ fún mi?"

Oyèkọ́lá tẹrí ba. Ó ní òun tẹ orí òun ba dáadáa.

Láti ọjọ́ náà ni Adéníkẹ́ ti ń ṣàánú rẹ̀. Ẹja tó bá tóbi jù nínú ọbẹ̀, tirẹ̀ ni. Bó bá fẹ́ bọ́ bàtà, Adéníkẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ láti tú okùn rẹ̀. Ó dá ríra nǹkan fún ara rẹ̀ dúró. Ó ní kí àwọn ṣe sùúrù títí ìjọba á fi ṣàánú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di irun fún àwọn obìnrin àdúgbò nínú pálọ̀ kó lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹ wá wo bí ọmọ ọba ṣe ń jayé lódìkejì. Oṣù Kẹjọ dé, oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá sì yọ eyín. Kò sẹ́ni tó ń ṣí òrùlé mọ́tò lákòókò bẹ́ẹ̀ àfi ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Oyèkọ́lá ń ṣí i. Ó ní kí ni èrè mọ́tò tó ń ká òrùlé bí òrùlé rẹ̀ ò bá ká? Àwọn onítáàsì ń wò ó bí ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn. Orí rẹ̀ sì ti ń pá láti àárín. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, awọ orí náà ti ń bó.

Adéníkẹ́ rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ wo ohun tí oòrùn ibùdókọ̀ sọ orí yín dà!"

Ó lọ mú òrí tó kó bọ̀ láti Òṣogbo, ó jókòó tì í, ó ń fi pa á lórí díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fẹnu bú ìjọba Dubai tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Oyèkọ́lá di ojú rẹ̀ pa. Ó ní òun mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé òun ti di ẹranko, ó kàn jẹ́ pé ìkẹ́ náà ń tu òun lára.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Adéníkẹ́ gbé ọmọ pọ̀n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó dúró de bọ́ọ̀sì nínú oòrùn kan náà.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, wọn ì bá parí ọ̀rọ̀ náà láàárín tọkọtaya. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í gbé inú ilé kan.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń jẹ́ Tòhíbù. Òpópónà kan náà ni òun àti Adéníkẹ́ ti dàgbà ní Òṣogbo. Àǹtí ló ń pè é. Iṣẹ́ sìkìọ́rítì ló ń ṣe ní ilé ìtajà ńlá kan, bedspace, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá àjọgbé, ló sì ń gbé ní Al Muteena ní Dubai. Bó bá ti ní ìsinmi, Sharjah ló ń wá jẹun. Lọ́jọ́ Fraide kan, ó dé pẹ̀lú ẹ̀rín tó kọjá etí.

"Àǹtí, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ̀. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe súpáfáísọ̀. Màá máa yíká gbogbo ibi tí a ń ṣọ́. Wọ́n máa gbé mọ́tò ilé iṣẹ́ fún mi, wọ́n ní mo lè máa fi ṣe ìrìn tèmi náà."

Oyèkọ́lá fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Adéníkẹ́ ti gbé ọwọ́ sókè.

"Tòhíbù, má gbà á o! Owó-orí!"

Ó wá ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé dáadáa. Ìdá kan nínú ogún, lọ́dọọdún, bí èèyàn ò tiẹ̀ fojú rí kọ́bọ̀. Ó ní kí ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, bí orí rẹ̀ ṣe ń bó.

"Àmọ́ àǹtí, wọn ò gé owó-orí kankan lára tèmi rí."

"O ò ní mọ́tò ni! Mọ́tò ni wọ́n ń gé e lé lórí. Bi ẹ̀gbọ́n rẹ wò."

Tòhíbù yíjú sí Oyèkọ́lá. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Oyèkọ́lá ní tí òun bá ti jí láàárín òru títí dòní, ìbéèrè yẹn lòun ń gbọ́. Adéníkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó mú ìpọnbẹ̀ dání, ojú rẹ̀ kún fún ìgbẹ́kẹ̀lé. Òótọ́ ti dé ẹ̀yìn eyín Oyèkọ́lá. Ó gbé e mì.

"Ó... ó wà bẹ́ẹ̀ o," ló wí. "Ó sinmi lé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ èmi, màá fara balẹ̀ ná."

Ó pinnu pé òun á pe Tòhíbù ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, òun á sọ pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ àǹtí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ìpàdé. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Tòhíbù ló pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti dá wọn lóhùn pé mi ò ṣe. Wọ́n ti mú ẹlòmíì. Ẹ ṣé o. Ọlọ́run ló fi yín sọ́nà mi."

Oyèkọ́lá ní "kò tọ́pẹ́." Ohun tó sọ nìyẹn. Kò tọ́pẹ́.

Oṣù Kejìlá dé, oòrùn rọlẹ̀, ilé iṣẹ́ sì fẹ́ ṣe ọjọ́ àwọn ẹbí: kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó ìyàwó àti ọmọ wá síbi ìgbafẹ́ kan ní Dubai ní àárọ̀ Satide, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n ṣeré. Oyèkọ́lá ò mẹ́nu kàn án nílé. Ṣùgbọ́n Fàwáz, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pàdé Adéníkẹ́ níbi tó ti ń ra ìrẹsì.

"Ìyàwó wa, a óò rí yín ní Satide, àbí?"

Adéníkẹ́ dé ilé pẹ̀lú ìrẹsì àti ìbéèrè. Ọ̀nà ti dí.

Oyèkọ́lá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò. Ó ra ṣàwámà fún Fàwáz kó má mẹ́nu kan mọ́tò pupa. Ó bẹ dírẹ́bà ilé iṣẹ́. Ó bẹ obìnrin Filipíìnì tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn búra fún un, wọ́n sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó fi di Satide, kò tún sí ibi tí omi lè gbà wọlé mọ́ lójú tirẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn díẹ̀.

Wọ́n jẹun tán. Ọ̀gá àgbà wọn, ará Lẹ́bánónì kan tó fẹ́ràn àwàdà, dìde, ó fi èdè òyìnbó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyàwó. Ó ní bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́, ẹbí kan ni gbogbo àwọn.

Adéníkẹ́ gbá ọ̀já ọmọ mọ́ra, ó dìde.

Oyèkọ́lá rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ oúnjẹ.

"Sà," ni Adéníkẹ́ wí ní èdè òyìnbó tó já gaara, "mo dúpẹ́ púpọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni mo ní. Ọkọ mi ò lè sọ ọ́, ojú ń tì wọ́n. Owó-orí tí ẹ ń gé lára àlàwọ́ǹsì mọ́tò wọn pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá ìjọba sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé Adéníkẹ́ ò rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Madam Rania, obìnrin ará Jọ́dánì tó jẹ́ olórí ìṣirò owó níbẹ̀.

"Habibti," ni Madam Rania wí, "owó-orí wo?"

Adéníkẹ́ ṣàlàyé fún òun náà, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Owó tí wọ́n fún èèyàn, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ owó oṣù. Mọ́tò tí wọ́n gbé fún èèyàn, ìdá kan nínú ogún. Kò gbàgbé nǹkan kan. Oyèkọ́lá ń wo ilẹ̀, ó ń wá ibi tó lè wọ̀. Kóríko ibẹ̀ kúrú.

"O mọ̀ ọ́n dáadáa o," ni Madam Rania wí, ẹnu sì yà á tọkàntọkàn. "Àwọn ìlú kan wà tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí. Níbí, owó-orí kan tó kan ọ̀rọ̀ yìí, èmi ló ń fọ́ lórí: bí ilé iṣẹ́ bá ra mọ́tò tí òṣìṣẹ́ lè fi ṣe ìrìn ara rẹ̀, ìjọba ò ní dá owó-orí ọjà tí a san lé e padà fún wa. Àwa ni ìyẹn kàn. Ọkọ rẹ, gbogbo owó rẹ̀ ló ń dé ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gé nǹkan kan."

Fàwáz di ẹni tó ń wo ẹyẹ.

Ọ̀gá àgbà rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, ó sì fẹ́ tún un ṣe. Èèyàn rere ni. Òun nìkan sì ni Oyèkọ́lá ò rántí bẹ̀.

"Madam, kì í ṣe owó-orí ni ó ń jẹ ẹ́," ló wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mọ́tò rẹ̀ pupa yẹn ni! Mọ́tò tó ń ká òrùlé ò rọrùn láti san o. Kódà èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, mi ò ní irú ẹ̀."

Adéníkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Mo ti gbọ́." Ó jókòó, ó sì jẹ kéèkì tó wà níwájú rẹ̀ tán, díẹ̀díẹ̀. Oyèkọ́lá ní òun ò tíì rí ohun tó ba òun lẹ́rù tó kéèkì yẹn.

Ìgbà tí wọ́n jáde síta ló tó sọ̀rọ̀.

"Níbo lo gbé e sí?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló máa ń pè é. Oyèkọ́lá gbọ́ "o" yẹn bí ẹni gbọ́ ìbọn.

"Karama."

"Yalla. Ká lọ wò ó."

Wọ́n wọ metro lọ. Ọlájíre wà ní ìsàlẹ̀ ilé nígbà tí wọ́n dé. "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yín ti ń gba eruku..." ló bẹ̀rẹ̀, kó tó rí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ó rántí lójijì pé òun gbé nǹkan kaná.

Adéníkẹ́ yí mọ́tò náà po. Ó ní kó ṣí i. Ó jókòó síwájú, ó gbé ọmọ sórí itan, ó wá bọ́tìnnì náà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Òrùlé ká lọ. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹ̀yìn.

"Ibo ni Tìmílẹ́yìn máa jókòó sí?"

Oyèkọ́lá fi ọwọ́ nu eruku lára ilẹ̀kùn.

"Mo fi òrí pa orí rẹ," ni Adéníkẹ́ wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á. Mo sì ń sunkún."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Oyèkọ́lá. Ó ní òun ò mọ ibi tó ti wá, pé bí òun ṣe rí ara òun lọ́kàn pẹ̀lú orí bíbó nínú mọ́tò aláìlórùlé ni ẹ̀rín já. Adéníkẹ́ ò bá a rín in. Ó dúró kó rín in tán.

"Tèmi ṣì lè dúró. A ti fẹ́ra, a óò jà á tán. Tòhíbù ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò níbẹ̀.

"Ẹnu mi lo fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ni mo sọ pé kó má gbà á. Gbéra, ká lọ bá a. Lónìí yìí."

Wọ́n bá Tòhíbù ní Al Muteena. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ ni, inú rẹ̀ sì dùn láti rí wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà láàárín òpópónà, lábẹ́ igi ọ̀pẹ dátẹ́sì. Adéníkẹ́ ò ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀, láti orí mọ́tò pupa títí dé orí "kò tọ́pẹ́."

Tòhíbù gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹni tí wọ́n fi sípò yẹn, èmi ni mò ń ṣí géètì fún un. Tó bá dé pẹ̀lú mọ́tò yẹn, màá kí i, màá sì sọ nínú mi pé, ó mà ṣe o, owó-orí ti ń jẹ ẹ́ tán. Àánú rẹ̀ ni mò ń ṣe."

Ó dìde. "Ẹ̀yin náà, mo ń gbàdúrà fún yín. Gbogbo ìrun ni mo ń fi yín sí."

Ó gòkè lọ. Kò sọ pé ó dàárọ̀.

Ní Monde, Oyèkọ́lá lọ bá àwọn tó gba Tòhíbù síṣẹ́, ó ní òun ni òun ṣì í lọ́nà. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ dé ìdajì. "Khalas, ó ti parí," ló wí. "Wọ́n ti mú ẹlòmíì." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbé mọ́tò pupa padà lọ sí Abu Shagara. Ará Síríà tó sọ pé jíjókòó ò gbowó yí i po pẹ̀lú ojú dókítà. Habibi, táyà ti jẹ. Habibi, oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀. Habibi, ta ló ń ra pupa nísinsìnyí? Iye tó fún un lórí rẹ̀, Oyèkọ́lá ní kí a má kọ ọ́ síbí, kí bàbá òun má baà kà á. Èyí tó kù lẹ́yìn gbèsè mọ́tò náà ni wọ́n fi ra ọkọ̀ funfun kan tó rí bíi búrẹ́dì, tí àga rẹ̀ pọ̀ ju èèyàn ilé wọn lọ. Adéníkẹ́ lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó gba ìwé àṣẹ, òun ló sì ń wà á. Ẹ̀yìn ni Oyèkọ́lá ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọmọ, á di ìgò mílíìkì mú.

"Ẹ" ti padà sẹ́nu Adéníkẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún máa ń sọnù bí ọkọ rẹ̀ bá ti fẹ̀yìn ti àga pé òun fẹ́ ṣàlàyé nǹkan. Ó gba nọ́ńbà Madam Rania lọ́jọ́ àwọn ẹbí yẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti jẹ mọ́ owó tàbí iṣẹ́, bí Oyèkọ́lá bá sọ ọ́ tán, Adéníkẹ́ á ní, "Ẹ jẹ́ n bi Rania wò." Oyèkọ́lá ní kí àwọn ọkùnrin tó ń ka èyí mọ̀ pé ìyẹn gan-an ni owó-orí irọ́: kì í tán. Èèyàn á máa san án ni.

Ohun tó kù ni Tòhíbù. Kò wá sí Sharjah mọ́. Adéníkẹ́ ò torí ìyẹn dá oúnjẹ rẹ̀ dúró. Bó bá ti di ọjọ́ ìsinmi Tòhíbù, á se é, á bu ú sínú kúlà, á gbé e fún ọkọ rẹ̀. Kì í jẹ́ kó gbé ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì ni.

Oyèkọ́lá á gbé kúlà dé Al Muteena, á pe Tòhíbù lórí fóònù. Tòhíbù ò ní sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ilé náà, ará Pakistan kan, ni yóò gbà á lọ sókè, yóò sì dá kúlà òfìfo ti tẹ́lẹ̀ padà fún un. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀ṣọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun bí ẹni tó ń fẹ́ ọmọbìnrin tí kò gbà fún un.

Ní Fraide kan, fóònù dún kó tó pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e gòkè wá."

Yàrá náà kún. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì yí ògiri ká, àwọn ọkùnrin wà lórí wọn: ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ará Gánà kan tó gbọ́ Yorùbá. Bí Oyèkọ́lá ṣe wọlé, gbogbo wọn dìde jókòó.

"Tòhíbù, ṣé òun nìyí?"

"Òun ni," ni Tòhíbù wí, kò rẹ́rìn-ín. "Kọmíṣánnà owó-orí gbogbo Dubai."

Ẹ̀rín bú jáde nínú yàrá náà. Ọmọ Ìbàdàn lu pákó bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní kẹ̀kẹ́ lòun ní, kí ọ̀gá bá òun ṣírò ìdá kan nínú ogún rẹ̀. Ará Gánà ní bàtà òun ńkọ́, ṣé wọn ò ní gé nǹkan lórí ẹ̀? Oyèkọ́lá dúró láàárín wọn pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá kó gbé e kalẹ̀ ni tàbí kó sá lọ.

Tòhíbù sún lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó gba kúlà, ó ṣí i, ó fi ìka tọ́ka sí àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá jókòó."

Oyèkọ́lá fọwọ́, ó jókòó. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín láti òkèlè àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, òun náà sì ń bá wọn rín in. Ó ní òun ò tíì jẹ oúnjẹ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti dé ilẹ̀ Lárúbáwá.